Ìlà Ẹfun Lórí Pápá

Láàárọ̀ yìí, wọ́n ń kun etí títì lẹ́fun ní Òkè-Ògbò. Òórùn ẹfun tútù náà gbá mi nímú, ọkàn mi sì padà sí pápá bọ́ọ̀lù yunifásítì kékeré tí bàbá mi ń tọ́jú nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bàbá mi ni wọ́n ro pápá náà nígbà tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣì ń yá ara wọn ní bàtà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo di orí okùn mú, bàbá mi sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì fa ìlà tọ okùn náà. Oòrùn ń jó mi lẹ́yìn ọrùn. Ẹfun gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́, ó ń fa awọ mi. Ewúrẹ́ kan dùbúlẹ̀ sáàárín òpó góòlù, kò sí ẹni tó lé e.

Ọdẹ tó ń ṣọ́ géètì rìn wá bá wa.

"Bàbá Wúrà, ṣé wọn ò sọ fún yín ni?"

"Wọ́n sọ fún mi," ni bàbá mi wí, wọn ò gbójú sókè.

Mo rò pé ohun tí ọdẹ náà ń sọ ni pé àwọn àlejò tó ń bọ̀ wá gbá bọ́ọ̀lù máa pẹ́ dé. Mo jókòó, mò ń wo ọ̀nà.

Ó ti lé lóṣù méjì nígbà náà tí ilé-ìwé ti tú ẹgbẹ́ náà ká.

Bí a ṣe ń ká okùn ni òjò dé. Bàbá mi ò sá. Wọ́n dúró títí ìlà fi ṣàn wọnú koríko tán.

"A ó tún un fà lọ́la," ni wọ́n wí.