Orin tí ó Dá Bàbá Mi Dúró Láàárín Pápá

Bàbá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Orin ìjọ ni orin tí ó mọ̀, ó sì lóhùn. Bí ó bá dá orin nínú ilé wa ní Ìkòrò láàárọ̀, kí ó tó gbé àdá lọ sí oko kòkó, àwọn ará ilé kejì a máa gbè é láti ẹ̀yìn ògiri. Ṣùgbọ́n orin orílẹ̀-èdè, ohun àwọn ọmọ iléèwé ni ó kà á sí, bí ìṣirò àti àwòrán ayé. Èmi náà, kí n má purọ́, lójoojúmọ́ ni mo ń kọ ọ́ láìronú nípa rẹ̀, bí ẹni ń bọ́jú.

Abẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó ni a ṣì wà nígbà náà, Àkúrẹ́ sì ni olú-ìlú wa. Mo wà ní kíláàsì kejì ní iléèwé girama nígbà tí tíṣà eré ìdárayá tuntun dé sọ́dọ̀ wa. Obìnrin ni, ó wá láti ìlú kan ní apá Ọ̀yọ́, kò sì mọ ẹnikẹ́ni ní gbogbo Èkìtì. Ó ní kí gbogbo ọmọbìnrin kíláàsì wa sáré yí pápá ká. Nígbà tí mo parí, mo wẹ̀yìn, mo rí i pé èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, àwọn yòókù ṣì wà lókèèrè. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé ó ti fọn fèrè kí a dúró, tí n kò sì gbọ́.

Ó rìn wá bá mi. Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ ní eré sísá?"

Mo ní, "Kò sẹ́nì kankan, Mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ó wí. "Kò tíì sẹ́ni tó bà á jẹ́ nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń kọ́ mi lẹ́yìn iléèwé. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń fi ọwọ́ sáré, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan. Ó kọ́ mi pé kí n má wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tí ìdíje àwọn iléèwé tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Ìjerò kù díẹ̀, ó wá sílé wa, ó kúnlẹ̀ kí bàbá mi.

"Bàbá, ọmọ yín mọ eré sá gan-an. Ẹ jẹ́ kí ó bá wa lọ sí Ìjerò."

Bàbá mi fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Aṣọ wo ni yóò wọ̀?"

"Ṣòkòtò péńpé ni, Bàbá."

Alàgbà ni bàbá mi nínú ìjọ wa, níbi tí obìnrin kì í ti í wọ ṣòkòtò. Kò pariwo. Ó ní, "Mo dúpẹ́ pé ẹ wá. Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin mi kò ní ṣí itan sílẹ̀ fún gbogbo ayé wò."

Tíṣà náà jẹun. Ó jẹ ẹ́ tán, ó dúpẹ́, ó sì lọ. N kò lè jẹ tèmi.

Ìyá mi, tí ó ń yan gààrí lẹ́yìnkùlé ní gbogbo àkókò yẹn, kò dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àárọ̀ ọjọ́ ìdíje pé, bàbá mi wà ní abà, nítorí ìgbà ìkórè kòkó ni. Ìyá mi jí mi, ó bu ẹ̀kọ fún mi, ó ní, "Lọ. Bí bàbá rẹ bá dé, èmi ni yóò bá nílé." Mo wò ó bóyá ó ń ṣe àwàdà. Kò rẹ́rìn-ín. Mo sáré jáde.

Lọ́rì ni ó kó wa lọ sí Ìjerò, a sì ń kọrin lọ lójú ọ̀nà. Ọkùnrin kan tí ó máa ń ra kòkó láti abà dé abà pàdé wa, ó dá mi mọ̀. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ bàbá mi, kò ní ibi kankan lọ́kàn, ó kàn sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ìròyìn ayọ̀ ni: "Alàgbà, mo rí ọmọ yín nínú lọ́rì àwọn eléré. Ìjerò ni wọ́n forí lé." Bàbá mi ju ọ̀pá tí ó fi ń já kòkó sílẹ̀. Ó ní kí ọkùnrin náà fi alùpùpù rẹ̀ gbé òun lọ sí Ìjerò lójú ẹsẹ̀.

Èmi kò mọ̀ pé ó ń bọ̀. Pápá ti kún. Wọ́n ti fi eérú fa ìlà eré, wọ́n fi màrìwò kọ́ àtíbàbà fún àwọn èèyàn pàtàkì, àwọn ọmọ iléèwé onírúurú aṣọ sì pọ̀ lọ rẹrẹ. Àlejò pàtàkì ọjọ́ náà pẹ́ kí wọ́n tó dé, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láìdúró dè wọ́n. Àwa ọmọbìnrin tí a fẹ́ sá igba mítà ti tò sórí ìlà nígbà tí mọ́tò wọn yọ. Wọ́n ní kí a dúró. A dúró. Ọba kan sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó jókòó. Àwọn olóyè jókòó, alága ìjọba ìbílẹ̀ jókòó. Oòrùn ń mú orí wa.

Ìgbà yẹn ni mo rí bàbá mi.

Aṣọ oko ni ó wọ̀, omi kòkó ti bà á jẹ́ láti àyà dé ìsàlẹ̀. Kò gba ẹ̀gbẹ́ pápá bí àwọn èèyàn yòókù. Àárín rẹ̀ gan-an ni ó gbà, ó ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ mi, ó ń yára bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé iná ń jó oko rẹ̀. Mo fa ṣòkòtò péńpé náà sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n níbo ni yóò fà dé?

Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ nǹkan ní Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo pápá dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn afọnfèrè iléèwé kan bẹ̀rẹ̀ sí í fọn orin orílẹ̀-èdè, ìlù sì bá wọn gbé e. Àwa tí a wà lórí ìlà na ọwọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́, a dúró ṣinṣin.

Bàbá mi tẹ̀ síwájú díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni ó ṣàkíyèsí pé òun nìkan ni ó ń rìn. Ọlọ́pàá kan na ọwọ́ sí i láti ọ̀ọ́kán, bí ẹni ń dá mọ́tò dúró. Bàbá mi dúró. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wo ọ̀dọ̀ àtíbàbà, mo sì rí i tí ẹnu rẹ̀ là. Ọba ti dìde.

Ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe tọ́ bàbá mi dàgbà kò lè mọ ohun tí èyí jẹ́ lójú rẹ̀. Láti kékeré ni ó ti mọ̀ pé ọba jókòó ni, àwa yòókù la ń dọ̀bálẹ̀. Ọba kì í dìde fún ẹnikẹ́ni. Ó ṣí fìlà. Lẹ́yìn náà ni ó yí orí pa dà díẹ̀díẹ̀ láti wo ohun tí ọba ń wò. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀ àfi àwa ọmọbìnrin lórí ìlà, nínú ṣòkòtò péńpé wa, tí a ń kọrin.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo kọ orin náà tí mo mọ̀ pé mò ń kọ ọ́. Mo fẹ́ kí ó má tán. Mo mọ̀ pé bí ó bá ti tán báyìí, bàbá mi á dé ọ̀dọ̀ mi, á sì mú mi lọ. Omi ń bọ́ lójú mi, mo sì ń kọ ọ́ lọ. Orí mi wú. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rù ni tàbí ohun mìíràn. Ọmọbìnrin kan láti Ìdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi náà ń sunkún, bẹ́ẹ̀ bàbá tirẹ̀ kò wá.

Orin tán. Tíṣà wa ti ń sáré bọ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá mi nínú eérú. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..."

Bàbá mi kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ọba dìde."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Nítorí àwọn ọmọ wọ̀nyí?"

Tíṣà wò mí, ó wo bàbá mi náà. Ó ní, "Nítorí gbogbo wa ni, Bàbá. Tiyín náà wà níbẹ̀."

Bàbá mi yíjú sí mi. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi. Ó fi ọwọ́ tó kún fún omi kòkó nu omijé mi, ó sì ní, "Má ṣubú." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kúrò lórí ìlà, ó lọ dúró pẹ̀lú àwọn èrò.

N kò ṣubú. Ipò kejì ni mo ṣe. Nígbà tí mo lọ bá a, ó bi mí pé, "Ṣé ìwọ lo kọ́kọ́ dé?" Mo ní rárá, ipò kejì ni. Ó mi orí. "Nínú àwọn tí ọba dìde fún, ipò kejì. Ó dáa. Ó dáa gan-an."

Nígbà tí a délé, ìyá mi ti ró aṣọ mọ́ra dáadáa fún ìjà. Bàbá mi jókòó, ó bu omi mu, ó ní kí ìyá mi wá rán ṣòkòtò tí yóò dé orúnkún fún mi, nítorí Àkúrẹ́ ni wọ́n tún ní kí n wá sáré. Ní ọjọ́ Ìsinmi, bàbá mi bọ́ síwájú ìjọ, ó jẹ́rìí oore Ọlọ́run. Àwọn kan nínú àwọn àgbà ìjọ fẹ́ yọ ọ̀rọ̀ ṣòkòtò sí i. Ó dá wọn lóhùn pé kí ẹni tí ọba ti dìde fún ọmọ tirẹ̀ rí kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀.

Mo sáré ní Àkúrẹ́, n kò gba nǹkan kan. Mo sáré síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mo gba ipò kẹta. Bàbá mi ra rédíò kékeré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ bọ́ọ̀lù, òun tí kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bí ikọ̀ orílẹ̀-èdè wa bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, tí orin náà bá dún, gbogbo ilé gbọ́dọ̀ dìde, títí kan àlejò tó wá kí wa. Kò mọ ọ̀rọ̀ orin náà, ṣùgbọ́n ó ti gbá ohùn rẹ̀ mú, ó sì máa ń fi imú kọ ọ́. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí n sọ ohun tí wọ́n ń wí fún òun. Mo túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe lè ṣe é: pé wọ́n ń pe àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí kí wọ́n dìde, kí wọ́n wá sin ilẹ̀ wọn. Ó ronú díẹ̀. "Iṣẹ́ ni wọ́n ń pe èèyàn sí nígbà náà. Ìjà ni mo rò."

Iṣan itan mi já ní ọdún tí mo jáde iléèwé, eré sísá mi sì parí. Mo sunkún rẹ̀ títí. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo gbà di tíṣà, ibẹ̀ ni mo gbà dé Ẹ̀fọ̀n, tí mo ń kọ́ ọmọ àwọn ẹlòmíràn ní ohun tí obìnrin yẹn kọ́ mi. Mi ò mọ ibi tí ǹ bá wà láìsí i. Mo dúpẹ́ fún un. Mo dúpẹ́ fún ìyá mi tó jí mi láàárọ̀ kùtùkùtù, tó ní kí n lọ. Mo dúpẹ́ fún bàbá tí ó lè yí ọkàn pa dà ní ìta gbangba, lójú gbogbo èèyàn, tí kò sì tijú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé tíṣà náà lọ sí ìlú mìíràn, mo ṣì wà ní kíláàsì karùn-ún. Ó wá dágbére fún wa. Bàbá mi ti wa iṣu sílẹ̀ dè é, ó tò ó sẹ́nu ọ̀nà, ó kún ilẹ̀.

"Uṣu yín nìyí," ni bàbá mi wí ní èdè Èkìtì wa.

Obìnrin náà kúnlẹ̀. "Bàbá, kí ni mo ṣe tó báyìí?"

"Ẹ wá sí ulé mi, mo kọ̀ fún yín, ẹ sì jẹ oúnjẹ mi láìbínú," ni bàbá mi dá a lóhùn. "Ẹ tún padà lọ kọ́ ọmọ mi. Ọlọ́run á kọ́ tiyín fún yín."

Mo sìn ín dé Àrámọ̀kọ, níbi tí yóò ti wọ mọ́tò. Awakọ̀ ń kánjú, ó ń tẹ fèrè. Mo ní ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ lọ́kàn láti sọ, "Ẹ ṣé, Mà" nìkan ló jáde. Ó gbá mi mọ́ra. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú, ó sì ń pariwo mọ́ awakọ̀ pé kí ó rọra wakọ̀ o, iṣu Ìkòrò ni wọ́n dì sẹ́yìn.