Ríbà Tí Màmá Mi Jà Gbà

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni Ìbíjọkẹ́, ìyá mi. Gbogbo àdúgbò Ali Kazaure ló mọ̀ ọ́n. Ogún ọdún ló fi ń hun súwẹ́tà fún àwọn ọmọ iléèwé, torí òtútù Jọ́ọ̀sì kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni, ogún ọdún náà ló sì fi ń bá èèyàn jà.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, iléèwé kan gbé iṣẹ́ ọgọ́ta súwẹ́tà fún un. Ọ̀gá wọn ní òun ò fẹ́ èyí tí ẹnu ọwọ́ rẹ̀ ń ká sókè. Ríbà, irin gbọọrọ oníhò kan, ló ń hun ẹnu ọwọ́ tó ń nà tó sì ń súnkì. Iwájú ẹ̀rọ tí a fi ń hun súwẹ́tà la máa ń so ó mọ́. Ti màmá mi ti bàjẹ́. Bí kò bá rí òmíràn kí iléèwé tó wọlé, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

A lọ sí ọjà Laranto, sọ́dọ̀ Alhaji kan tó ń ta tòkunbọ̀. Kí a tó kúrò nílé, màmá ti yọ abẹ́rẹ́ kan lára ẹ̀rọ rẹ̀, ó há a sínú gèlè, nítorí bí a ṣe ń yan ríbà nìyẹn: abẹ́rẹ́ ilé rẹ ni wàá kì bọ ihò rẹ̀. Bí kò bá wọ̀, kì í ṣe tìrẹ. Ríbà kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá a mú ni Sàdíátù dé, ọmọ Ìlọrin tó ń hun súwẹ́tà ní àdúgbò Dogon Dutse.

"Haba, Ìyá Dàmọ́lá! Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ra ẹ̀rọ tó ni ríbà yẹn níbí. Kò lè bá tiyín mu."

"Irọ́ ńlá! O ti gbọ́ pé mo gba iṣẹ́ ọgọ́ta, ara wá ń ta ọ́."

Alhaji ní, "Màmá, ẹ fi abẹ́rẹ́ wò ó ná."

Ta ló ń dá a lóhùn? Sàdíátù di ríbà mú létí kan, màmá dì í mú létí kejì. Ìgbátí ló kọ́kọ́ dún. Sàdíátù fi orí kan màmá mi nímú, ẹ̀jẹ̀ bò ó lẹ́nu. Màmá gé e jẹ léjìká. Wọ́n wó lu àwọn irin. Mo fẹ́ là wọ́n, wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi kúrò lọ́nà. Ni màmá bá fa abẹ́rẹ́ yọ nínú gèlè, ó fi gún obìnrin náà lápá. Ẹnu abẹ́rẹ́ wa tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Nígbà tó fà á, ẹran bá a wá. Sàdíátù ké, ó jọ̀wọ́ ríbà. Màmá ju owó sílẹ̀, ó gbé e. Inú mi dùn, kí n má parọ́.

Nílé, ó nu ẹ̀jẹ̀ ara abẹ́rẹ́ náà, ó kì í bọ ihò ríbà. Kò wọ̀. Ó yí i, ó tì í, kò wọ̀.

"Obìnrin yẹn ò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́!" Ó gbé ọmọ odó.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́!" Ó tì mí dànù. Ó lù ú títí irin fi ṣẹ́, tí ẹ̀yà rẹ̀ fọ́n ká àgbàlá. "Bí mi ò bá ní, òun náà ò ní ní!"

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Sàdíátù ni, bándéèjì lápá, ẹ̀rọ rẹ̀ lórí.

"Ìyá Dàmọ́lá, inú ń bí mi sí yín o, wallahi. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ní ẹ̀rọ, ẹ̀yin lẹ ní ríbà, ẹ̀yin lẹ sì ní iṣẹ́. Ẹ gbé e wá, ká jọ hun ún."

Ojú tì mí, mo fi ẹsẹ̀ bo ẹ̀yà irin kan mọ́lẹ̀. Màmá mi dí ẹnu ọ̀nà, kò jẹ́ kó wọlé. Ọmọ odó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.