Àgbo Ọjọ́ Mọ́kànlá

Òórùn ewé tíì ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé Màmá ní Highbridge, lókè òkun níbí. Àtẹ̀gùn òkúta gígùn kan ni mo máa ń gùn láti ibi tí bọ́ọ̀sì ń já mi sí, èémí mi á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí n tó dé òkè. Àmọ́ bí mo bá ti ṣí ilẹ̀kùn tí òórùn yẹn kí mi, ara mi á balẹ̀, àfi bíi pé ẹ̀yìnkùlé ìyá mi ni mo wọ̀. Màmá kì í ṣe Yorùbá o. Ará Laos ni, ní ìhà Éṣíà lọ́hùn-ún, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, iṣẹ́ mi sì ni láti máa tọ́jú rẹ̀ nílé lọ́jọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé ló gbin ewé tíì náà sí. Òun a máa fi se ẹja. Àwa ní tiwa, ibà la fi ń lé. Ohun tó sọ wá dọ̀rẹ́ nìyẹn, torí Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ kò tó nǹkan, tèmi náà sì ní bó ṣe rí.

Ní òpin ìgbà òtútù kan, mo rí i pé funfun ojú rẹ̀ ti di àwọ̀ ìyeyè. Ó sì ń họ ara ṣáá, apá àti ẹsẹ̀, títí awọ fi ń bó. Òfin iṣẹ́ wa kò lọ́jú pọ̀: ohunkóhun tó bá yí padà lára aláìsàn, pe nọ́ọ̀sì ọ́fíìsì tó gbà wá síṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo mọ òfin yẹn bí ẹni mowó. Ṣùgbọ́n ìwọ tá a jọ dàgbà, sọ òótọ́ fún mi: ta ni nínú wa tó máa rí irú ojú bẹ́ẹ̀ tí kò ní sọ pé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni? Mo pe ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí jù mí lọ.

“Ẹ káàárọ̀ mà. Ojú màmá tí mò ń tọ́jú ti pọ́n o.”

“Ibà ni jàre. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ emergency, kó jókòó síbẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀? Se àgbo fún un.”

Mo já nínú ewé tíì Màmá fúnra rẹ̀. Mo ra ọ̀pẹ̀yìnbó àti òróm̀bó wẹ́wẹ́, mo kó èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó náà sí ìkòkò, mo sì sè é bí ìyá mi ṣe máa ń sè é. Màmá ń mu ife kan láàárọ̀, ife kan lọ́sàn-án, á sì pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ìtọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú bíi kóòkì, inú mi dùn. Ṣebí bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé nìyẹn, pé bí ìtọ̀ bá ti pọ́n lẹ́yìn àgbo, ibà ló ń jáde. “Ó ń jáde, Màmá,” mo wí fún un, ó sì rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni mo fi ń yọ̀ sí ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà mí.

Lọ́jọ́ kejìlá ni mo ràn án lọ́wọ́ nílé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sì rí i pé ìgbẹ́ rẹ̀ funfun bí ẹfun. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu ìyá mi rí. Mo pe nọ́ọ̀sì, mo sì pe ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, tó ń gbé ní Port Richmond, tó máa ń wá kí i ní gbogbo ọjọ́ Sunday.

Ní ọsíbítù, lẹ́yìn àyẹ̀wò oríṣiríṣi, dókítà wá jókòó tì wá. Ó gba ẹnu ọmọ Màmá bi í bóyá ó ti jẹ ẹja odò tí wọn ò sè rí. Màmá bú sẹ́rìn-ín. Ta ni kò jẹ ẹ́ nílùú wọn? Ẹja tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n pò mọ́ ata àti ewé, láti ọwọ́ ìyá rẹ̀ títí kan ọwọ́ òun náà. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní aràn kan wà tó pẹlẹbẹ bí ewé kékeré, inú irú ẹja bẹ́ẹ̀ ló ti ń wọ ara èèyàn, ojú ọ̀nà tí òróòro ń gbà jáde láti inú ẹ̀dọ̀ ló sì ń fi ṣe ilé. Ó lè wà níbẹ̀ ju ogún ọdún lọ kí ẹni tó gbé e sára má mọ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ló ń ní jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ibi tó bá ń dá légbò lọ́dọọdún, jẹjẹrẹ lè hù níbẹ̀. Ó ti hù lára Màmá, ó sì ti dí ọ̀nà òróòro náà pa. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé.

Mi ò lè pa á mọ́ra. Mo jẹ́wọ́ àgbo náà. Ọmọ Màmá yíjú sí mi.

“O rí i pé ojú ìyá mi ti yí padà, o ò pè mí?”

Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Kò mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ jẹ́, ṣe ló fà sẹ́yìn. Dókítà ní kì í ṣe ọjọ́ mọ́kànlá ló bí jẹjẹrẹ náà, pé ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n òróòro tó sé mọ́ inú yẹn ì bá ti bàjẹ́, ì bá sì ti pa á mọ́ mi lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni mo gbé lọ sílé. Kí n tó lọ, Màmá sọ̀rọ̀ díẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ lédè wọn, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́ fún mi: “Ó ní ìwọ tiẹ̀ wo ojú òun. Ó ní èmi tí mò ń wá ní gbogbo ọjọ́ Sunday, kí ni mò ń wò?”

Ọ́fíìsì dá mi dúró fún ìgbà díẹ̀, mi ò sì bá wọn jà. Bí àlejò ni mo ṣe ń lọ kí Màmá nígbà náà, ọmọ rẹ̀ á ṣílẹ̀kùn fún mi, á sì kẹ́yìn sí mi. Dókítà ti ní kí gbogbo ẹni tó bá Màmá jẹ nínú àwo ẹja yẹn lọ ṣàyẹ̀wò. Ọmọ rẹ̀ jẹ ẹ́ dàgbà, ó sì ń jẹ ẹ́ nígbàkígbà tó bá lọ sí Laos. Wọ́n bá ẹyin aràn nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Màmá wà lórí ibùsùn, rọ́bà tó ń fa òróòro dànù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú rẹ̀, síbẹ̀ kò béèrè nípa ara rẹ̀. Bí mo bá ti wọlé, ohun kan náà ni: “Ṣé ó ti lo oògùn?” Ọjọ́ tí mo sọ fún un pé ó ti lò ó, ó di ọwọ́ mi mú títí oorun fi gbé e lọ. Oògùn ọjọ́ kan péré ni. Mo ro ti ọjọ́ kan yẹn, pé ká ní ẹnì kan ti fún Màmá lóògùn yẹn nígbà tó wà lọ́mọdébìnrin, omi sì dà lójú mi.

Màmá kú nígbà tí ewé igi bẹ̀rẹ̀ sí í já sílẹ̀ lọ́dún náà. Àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ rẹ̀ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ewé tíì náà wá fún mi nílé mi ní Soundview, ó ní Màmá ló ní kí òun gbé e wá. Ojú fèrèsé mi ló wà báyìí. Mo ṣì ń sè é mu, mi ò ní purọ́, nítorí ewé náà kò ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo fi ohun tí mo mọ̀ bo ohun tí mi ò mọ̀ mọ́lẹ̀.

Ọdọọdún ni ọmọ náà ń lọ fún àyẹ̀wò, torí pé aràn lè kú kí àpá rẹ̀ má jinná. Tó bá ti ń bọ̀ láti ọ̀hún, á yà lọ́dọ̀ mi, a ó jọ mu tíì. Ṣùgbọ́n kí n tó kí i káàbọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti mọ̀. Á dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ iná, á sì la ojú méjèèjì sílẹ̀ fún mi.