Òdòdó Tí Mo Fi Omi Pa

Ọwọ́ mi ni mo fi pa wọ́n, omi ni mo sì fi pa wọ́n. Kí n tètè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé oòrùn Ìkàrẹ́ ló jẹ̀bi.

Ní Ọ̀kà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Mama, ìyá ìyá mi, òdòdó kan yí sàréè bàbá àgbà ká. Bàbá fúnra rẹ̀ ló hú u wá láti oko nígbà ayé rẹ̀. Iṣu ìdí rẹ̀ dà bí àlùbọ́sà. Tí ọyẹ́ bá dé, ewé rẹ̀ á rọ, á gbẹ, bí ẹni pé nǹkan kan ò hù níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n tí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀, òdòdó á jáde láìní ewé kankan, pupa yòò, rìbìtì bí orí ọmọ tuntun.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi sìmẹ́ǹtì tún sàréè náà ṣe, Mama hú gbogbo rẹ̀ sínú àpò, ó ní kí n gbé e lọ sí Ìkàrẹ́, níbi tí mo ti ń tún ọ̀kadà ṣe.

"Bí wọ́n bá parí, kó wọn padà wá fún mi. Má fún wọn lómi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn o. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Mama."

Mo gbọ́ lóòótọ́, mo sì gbìn wọ́n sí ẹ̀bá ògiri ilé tí mo ń gbé. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa gbóná ju orí òkè Ọ̀kà lọ, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn sì dé tí ewé wọn ń pọ́n, àánú ṣe mí. Àràárọ̀ ni mò ń bu omi sí wọn. Ìyàwó onílé mi bú sẹ́rìn-ín: "Bọ̀ọ̀dá mẹkáníìkì, kò sí nǹkan níbẹ̀ o, iyẹ̀pẹ̀ lẹ̀ ń fún lómi mu!"

Òjò kọ́kọ́ dé Ọ̀kà. Mo gun ọ̀kadà kọjá, mo rí irú rẹ̀ nínú igbó lẹ́bàá òkúta, tó ti tàn bí ẹyin iná. Mo sáré padà lọ hú tèmi wò. Ó ti rà, ó fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kẹ̀.

Àfi ọ̀kan tó bọ́ sẹ́yìn ògiri lọ́jọ́ tí mo kó wọn dé, tí n kò mọ̀. Nígbà tí òjò Ìkàrẹ́ náà rọ̀, ó la ilẹ̀ líle yẹn láàárín àlòkù páànù, ó yọrí. Mo jókòó tì í. Ta ló jí i lójú oorun? Kò lójú, kò létí, ẹnikẹ́ni ò bu omi sí i rí, síbẹ̀ ó dúró de òjò ibi tó wà, kò tẹ̀ lé ti Ọ̀kà. Mo na ọwọ́ sí i, mo rí epo ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, mo fà á padà.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún Mama, mo sì sọ ti ọ̀kan tó kù fún un. Mo ní màá lọ hú ti ẹ̀bá òkúta wá dípò.

"Ìyẹn kọ́ ni bàbá rẹ àgbà gbìn." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ó ń sùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìwọ ń da omi sí i lójú! Jẹ́ kí ọ̀kan yẹn bímọ ná."

Ó ti bí ẹyọ kan. Sìmẹ́ǹtì sàréè ti gbẹ tipẹ́, iyẹ̀pẹ̀ tó yí i ká ṣì ṣófo. Bí mo bá dé Ọ̀kà, Mama kì í bi mí ní nǹkan. Ó kàn máa ń wo ọwọ́ mi. Mo jẹ ẹ́ ní gbèsè òdòdó tó yí ọkọ rẹ̀ ká, n kò sì tíì san án.