Eré Tí Kò Ní Aago

"Má wo bọ́ọ̀lù," ni Màmá wí. "Ẹni tó ń ṣe bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan yẹn ni kó o máa wò."

Ọwọ́ wọn wà nínú ẹ̀wà. Wọ́n gbé àwo páànù ńlá kan lé itan, wọ́n ń fi ìka ṣa òkúta àti èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, wọ́n sì ń ju èyí tó dára sínú ìkòkò tó wà lẹ́sẹ̀ wọn. Bí ẹ̀wà bá ti balẹ̀ nínú ìkòkò, á dún táń. Nínú tẹlifíṣàn, ọkùnrin kan dúró sórí òkìtì erùpẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó fi bọ́ọ̀lù pamọ́ sẹ́yìn, kò jù ú. Ọkùnrin mìíràn ń fi ẹsẹ̀ yọ́ díẹ̀díẹ̀ kúrò níbi tó yẹ kó dúró sí, bí ọmọ tó fẹ́ lọ ṣí ìkòkò ẹran.

"Ó fẹ́ jí i," ni Màmá wí.

Bésíbọ́ọ̀lù là ń wò. Ẹni tó bá fi igi gbá bọ́ọ̀lù á sáré gba ibi mẹ́ta kọjá kó tó padà dé ibi tó ti gbéra, bọ́sítọ́ọ̀pù ni Màmá ń pe àwọn ibi mẹ́ta náà. Bí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù bá gbàgbé ẹni tó wà ní bọ́sítọ́ọ̀pù, onítọ̀hún lè sá lọ sí èyí tó kàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbá nǹkan kan. Ìyẹn ni jíjí tí Màmá ń wí. Ẹ̀wà dún táń, ẹ̀wà dún táń, lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà fò lọ bí ẹyẹ.

"Ṣé o rí i?"

Mo rí i. Ohun tó sì dùn mọ́ mi jù ni pé mo ti rí i kó tó ṣẹlẹ̀.

Màmá kì í ṣe ìbátan wa. Wọ́n ń gbé lábẹ́ wa gan-an nínú ẹ́sítéètì kan ní Peckham. Kíṣíìnì wọn wà lábẹ́ tiwa, a sì máa ń mọ ohun tí wọ́n ń sè kí àwọn fúnra wọn tó tọ́ ọ wò. Títí di òní, mi ò mọ orúkọ wọn. Ta ni ọmọ tó ń bi àgbà lórúkọ? Wọ́n ti gbé Amẹ́ríkà rí, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú bàbá òyìnbó arúgbó kan tí kò lè dìde lórí àga. Bàbá náà ń wo eré yìí lójoojúmọ́, Màmá sì ń wò ó pẹ̀lú rẹ̀. Bàbá kú, Màmá wá sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní London, ṣùgbọ́n eré náà kò fi wọ́n sílẹ̀. Ọmọ wọn so dísìì tó ń gbé eré náà wá láti Amẹ́ríkà mọ́ bákónì kó tó kó lọ sí ìlú mìíràn. Nígbà tó bá jẹ́ ọ̀sán lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó yẹn, ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ tiwa, ìgbà tí mo bá dé láti skúùlù.

Ilé wọn ń rùn fún káfúrà àti ìpara tí wọ́n ń fi ra orúnkún. Ariwo bọ́ọ̀sì àti sirénì ń gba ojú fèrèsé wọlé, ṣùgbọ́n nínú yàrá náà, kò sí ẹni tí ń sáré.

Nílé tiwa, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló ni Sátidé. Daddy àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn á kún pálọ̀, wọ́n á dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, ohun mímu á dà sórí kápẹ́ẹ̀tì. Mi ò mọ ìgbà tí ariwo máa bẹ́, bó bá sì bẹ́, mi ò mọ̀ bóyá ti ìjà ni tàbí ti ayọ̀. Mo sọ fún Màmá.

"Bọ́ọ̀lù yẹn ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé," ni wọ́n wí. "Ibi tó bá gbé ojú ẹ lọ lo máa tẹ̀ lé e. Kò fún èèyàn láyè láti fura. Èyí yìí ní tiẹ̀, wọ́n á jù ú, wọ́n á dúró. Nínú ìdúró yẹn lo ti máa wo ẹni tó ń tanni àti ẹni tí wọ́n ń tàn. Kò tún ní aago. Wọn kì í fi fèrè lé ẹni tó ń pàdánù wálé. Ó dìgbà tó bá ṣe tiẹ̀ tán."

Wọ́n tún fi ìka tí ìyẹ̀fun ẹ̀wà ti dì mọ́ tọ́ka sí ẹni tó di igi mú. "Wò ó. Wọ́n jù ú sí i, ó jẹ́ kó lọ. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n bá jù sí èèyàn ni èèyàn ń gbá."

Mummy mi ni kò fara mọ́ ọn. Mummy kì í fọkàn tán ohunkóhun. Wọ́n máa ń gbóòórùn mílíìkì kí wọ́n tó dà á, wọ́n sì máa ń padà láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn wá wò ó bóyá ilẹ̀kùn tí wọ́n tì lẹ́ẹ̀kan tì lóòótọ́. Wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ìnu-ọ́fíìsì ní Bermondsey nírọ̀lẹ́, Daddy ń wa mọ́tò ìkẹ́rù, kò sì sí ẹlòmíràn tí wọ́n lè fi mí sí lọ́dọ̀. Bí wọ́n bá dé láti mú mi, ìbéèrè á ti ṣíwájú ìkíni. Kí lo jẹ? Ta ló wá? Kí ni wọ́n sọ?

"Irú eré wo ni kò ní aago?" ni wọ́n máa ń wí bá a bá ń gun àtẹ̀gùn. "Kí àgbàlagbà jókòó tì í bẹ́ẹ̀, kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀? Nǹkan wà ńbẹ̀."

Nǹkan sì wà ńbẹ̀ lóòótọ́. Kóòṣì kan máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, á fọwọ́ kan fìlà, á kan etí, á kan àyà, á fọwọ́ nu apá. Màmá ṣàlàyé fún mi pé iṣẹ́ ló ń rán sí àwọn tirẹ̀ láìlanu, kí ọ̀tá má baà gbọ́. Àwa náà wá ṣe tiwa. Méjì péré ni. Bí ẹnì kan nínú wa bá fọwọ́ di imú, ó ń wí pé, "Má dáhùn." Bó bá fọwọ́ kan etí lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wí pé, "Mú mi kúrò níbí."

"Ọmọ tó bá lè sọ̀rọ̀ láìlanu," ni Màmá wí, "kò ní tètè há."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Mummy dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Kí lo jẹ?" Áísìkiriìmù la ti jẹ, ṣáájú oúnjẹ alẹ́. Màmá fọwọ́ di imú. Mo pa ẹnu mọ́.

Mummy rí i.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ fọwọ́ sọ fún ọmọ mi yẹn?"

Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Eré ni. Wò ó." Wọ́n tọ́ka sí tẹlifíṣàn. Lásìkò yẹn gan-an ni kóòṣì ọ̀hún fọwọ́ kan fìlà, ó kan etí, ó kan àyà, ọmọkùnrin tó di igi mú sì mi orí lóhùn-ún.

Ojú Mummy yí padà. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Old Kent Road ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọjọ́ ìsinmi tó kọjá wàásù lórí àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn tí ń fi ọwọ́ mọ ara wọn.

"Ẹgbẹ́ wo nìyí?"

"Ẹgbẹ́ kẹ̀? Ẹgbẹ́ eléré ni!"

"Láti Amẹ́ríkà lẹ ti gbé e wá?"

Mummy gbé báàgì mi. Láti ọjọ́ kejì, mi ò sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Màmá mọ́. Mò ń dúró ní skúùlù lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti jáde, Mummy á sì sáré wá láti ibi iṣẹ́ wá mú mi, wọ́n á tún sáré mú mi padà lọ síbi iṣẹ́. Bí Màmá bá kí wọn lórí àtẹ̀gùn, ètè nìkan ni Mummy fi ń dáhùn. Mo máa ń dùbúlẹ̀ sílẹ̀ kíṣíìnì wa, mo máa ń fi etí lé ilẹ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Eré yẹn kì í pariwo.

Ìgbà tó wá di ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tí mi ò rí rí ló wá mú mi. Ó dá orúkọ Daddy fún tíṣà, tíṣà sì yọ̀ǹda mi. Ó ní ọkọ̀ ojú irin tí Mummy wà nínú rẹ̀ ti dúró sójú ọ̀nà, ó ní Daddy ló rán òun. A ti dé ẹsẹ̀ mọ́tò rẹ̀ nígbà tí mo rí Màmá lódìkejì títì, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ìrajà wọn, níbi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì.

Mo fọwọ́ kan etí lẹ́ẹ̀mejì.

Màmá kò sáré. Wọn ò pariwo. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì iná títì, wọ́n dúró títí iná fi di àwọ̀ ewé, bẹ́ẹ̀ kò sí mọ́tò kankan tó ń bọ̀. Wọ́n wá fa kẹ̀kẹ́ wọn dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n di okùn báàgì mi mú.

"Ọmọ mi, níbo lò ń mú èyí lọ?"

"Ẹ káàsán, mà. Daddy ẹ̀ ló rán mi. Ibi iṣẹ́ kan náà la wà."

"Ó dáa. Jẹ́ ká dúró de ìyá ẹ̀."

"Ìyá ẹ̀ wà nínú train, train ò rìn! Mà, orí yellow line tí kò yẹ ká dúró sí ni mo gbé mọ́tò sí o, wọ́n máa fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì!"

"Mo gbọ́."

"Ẹ pe Daddy ẹ̀ lórí fóònù mi, ẹ gbọ́ tẹnu ẹ̀."

"Ta ló mọ ẹni tó máa gbé e?" Màmá jókòó sórí ògiri kúkúrú tó wà níwájú ilé kan, wọ́n mú ẹ̀pà jáde nínú kẹ̀kẹ́, wọ́n ń pa á. "Fara balẹ̀. Kò sí aago níbi tá a wà yìí. Gba ẹ̀pà."

Ó gba ẹ̀pà. Ọlọ́pàá ọkọ̀ dé, ó lẹ bébà mọ́ gíláàsì mọ́tò rẹ̀. Ọkùnrin náà káwọ́ lérí, ẹ̀pà sì wà lẹ́nu rẹ̀. Màmá kò tú okùn báàgì mi sílẹ̀.

Mummy fi eré dé, áprọ́ọ̀nù iṣẹ́ wà lábẹ́ kóòtù wọn. Òótọ́ ni ọkùnrin náà ń sọ, Daddy ló rán an. Mummy wo ọkùnrin náà, wọ́n wo ọwọ́ Màmá lára báàgì mi.

"Ta ló pè yín, mà?"

"Ọmọ ẹ ni."

"Ó pariwo?"

Màmá fọwọ́ kan etí tiwọn lẹ́ẹ̀mejì.

Mummy kọjú sí ọkùnrin náà. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ ṣeun." Wọ́n tún wò ó láti òkè délẹ̀. "Kí lorúkọ màmá Daddy ẹ̀?"

"Jésù! Ẹ̀yin náà?"

Màmá rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi dà nù.

Nígbà tí Mummy ní ọjọ́ ìsinmi, wọ́n bá mi sọ̀ kalẹ̀. Wọn ò bọ́ kóòtù. Màmá gbé àwo ẹ̀wà lé wọn nítan láìbéèrè. Mummy ń ṣa ẹ̀wà, ojú wọn wà lára tẹlifíṣàn bí ojú ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ tuntun. Ẹ̀wà dún táń.

"Ẹni yẹn," ni Mummy wí. "Ẹni tó ń nu ẹsẹ̀ nílẹ̀ yẹn. Mi ò gbà á gbọ́."

Wọn ò tíì pa ẹnu dé tí ọkùnrin náà fi sá lọ sí bọ́sítọ́ọ̀pù kejì.

Màmá fọwọ́ gbá itan. "Ìyá yìí! Wọ́n bí ẹ mọ́ eré náà ni!"

Mummy bọ́ kóòtù wọn.

Màmá ti ṣaláìsí báyìí. Ilé wa ni àwo páànù wọn wà. Ọmọbìnrin mi ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní Nunhead ní Sátidé, èmi a sì máa dúró létí pápá láì mọ ẹni tó gbá góòlù wọlé, torí pé ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì láìmú ọmọ wá ni mò ń wò. Mo ti kọ́ ọmọ mi ní àmì méjèèjì. "Mummy, ẹ ti ń ṣe é jù," ló wí. "Allow it, ẹ fi í sílẹ̀."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣe ọjọ́ ìbí. Mo ń bá ìyá ọmọ náà sọ̀rọ̀ nígbà tí mo rí ọmọ mi lódìkejì yàrá. Ó fọwọ́ kan etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Mi ò sáré. Mo mu tíì mi tán, mo ní mo gbé ẹ̀wà kaná, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé. A lọ jókòó sí bọ́sítọ́ọ̀pù. Ìbéèrè Mummy mi kún mi lẹ́nu: ta ni, kí ló ṣe, kí ló sọ? Mo gbé wọn mì. Bọ́ọ̀sì wa dé, ó ṣí ilẹ̀kùn, mo jẹ́ kó lọ. Òmíràn dé, mo jẹ́ kó lọ. Ọmọ mi wò mí, ó wo bọ́ọ̀sì tó ń lọ, ó sì gbé orí lé èjìká mi.

"Mummy," ló wí, "ẹ má bínú o. Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín."