Irun Bàbá Mi Lójú Ọ̀nà Ilé

Mo rántí àárọ̀ tí èmi àti ìyá mi jókòó sí ilé ìtọ́jú òkú kan nítòsí Beresford Square nílùú òyìnbó, tí àwa méjèèjì kò fẹ́ wo ojú ara wa. Bàbá mi ti kú sí Thamesmead. Ìyá mi ti pinnu pé Plumstead ni a ó sin ín sí, kí òun lè máa bẹ̀ ẹ́ wò; n kò bá a jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé kí a gé díẹ̀ nínú irun àti èékánná rẹ̀, kí a sì lọ sin wọ́n sí agboolé rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú.

Àṣà àtijọ́ ni. Bí ẹnìkan bá kú sí ìdálẹ̀ tí gbígbé òkú rẹ̀ wálé kò ṣeé ṣe, irun àti èékánná ni wọ́n fi ń dúró fún un. Àwọn àgbà gbà pé ẹ̀mí tí a kò bá mú délé yóò máa rìn kiri ni, kò ní rí àyè láàárín àwọn baba ńlá rẹ̀. Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi lẹ́sẹẹsẹ, bí ẹni tí ó dúró níwájú kíláàsì. Mo gbàgbé pé lójú Aládùúrà bíi tirẹ̀, ẹni tí ó bá ń wá irun òkú kò wá ire.

Ó ní, “Ṣé o fẹ́ fi daddy ẹ ṣe oògùn owó ni? Àbí ìwé tó o kà ti yí ẹ lórí?”

“Mummy, ẹ má bínú. N kò ní kúrò níbí láìgbà á. Bí ẹ kò bá fọkàn tán mi, ẹ gé e fúnra yín, kẹ́ ẹ sì gbé e délé fúnra yín.”

Nígbà tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ wá sọ pé àwọn fẹ́ dé pósí, ìyá mi dìde, ó ní kí wọ́n fún òun ní sísọ́ọ̀sì. Mo na ọwọ́ láti gbà á.

“Jókòó jẹ́ẹ́. Èmi ni mo ń gé èékánná fún un látọjọ́ tọ́wọ́ ẹ̀ ti ń gbọ̀n. Àtàǹpàkò yẹn máa ń dùn ún.”

Aṣọ funfun ni ó fi dì wọ́n, kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án títí a fi dé Ìjẹ̀bú, títí wọ́n fi bo ilẹ̀ mọ́ ọn.

Ní báyìí, mo máa ń tẹ̀ lé e lọ sí Plumstead. Yóò fọ òkúta sàréè, yóò sọ ìròyìn ìjọ fún bàbá mi, lẹ́yìn náà yóò bi í pé, “Àwọn ará ilé ńkọ́?” N kì í dá sí i. Mo máa ń dúró kí ó gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ tán kí a tó lọ wọ bọ́ọ̀sì.