Mo Sọ fún Wọn Pé N Kò Mọ Ọmọ Ọmọ Mi

Díẹ̀ ló kù kí ẹnu mi yìí ba iṣẹ́ ọmọ ọmọ mi jẹ́ lónìí.

Mo wà nídìí ẹja mi ní Ọjà Olúwo l'Ẹ̀pẹ́ nígbà tí fóònù dún. Ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ mọ Sikírátù?"

Ta ni yóò sọ̀rọ̀ ọmọ ọmọ rẹ̀ fún àjèjì? Mo ní, "N kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Má pè mí mọ́!"

Àṣé ilé iṣẹ́ tó kọ́ Sikírátù ní kọ̀ǹpútà n'Íkòròdú, tó sì ń bá a wá iṣẹ́, ni. Èmi lọmọ náà fi ṣe onídùúró tí wọ́n máa bi léèrè nípa rẹ̀!

Ló bá sáré wá bá mi lọ́jà tòun tomijé. "Màmá, kí lẹ ṣe fún mi? Wọ́n ní irọ́ ni mo pa!"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a wọ mọ́tò lọ s'Íkòròdú. Mo bá ọkùnrin tó pè mí nídìí tábìlì. Mo ní, "Ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi pọn ọmọ yìí. Kí lo tún fẹ́ mọ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n."

"Bí mo bá pe ìyá tìrẹ, ṣé á sọ ibi tó o wà fún mi?"

Ó ní, "Kò ní sọ, mà." Ó bá fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ Sikírátù.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni Sikírátù máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èjìká mi ló sùn lé títí a fi dé Ẹ̀pẹ́.

N kò sì tọrọ àforíjì o. Ẹ̀yin ìyá, ṣé mo jẹ̀bi?